Ìwé Tí Mo Gbé Gun Òkè Pavagadh

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Èmi kì í ṣe ọmọdé mọ́ kí n tó dé oko baba ẹlòmíràn. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa, mo ti bímọ méjì, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Yàtọ̀ sí Kútọnu tí a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan, n kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ òkèèrè rí títí di ìgbà tí ìyá mi rán mi sí àbúrò mi ọkùnrin tí ó ń kàwé ní Vadodara, ní ìpínlẹ̀ Gujarat, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà. Ìyá mi ni ó ta aṣọ òfì tí ó ti ń kó jọ láti ọdún púpọ̀ láti fi san owó ọkọ̀ òfuurufú mi, nítorí náà n kò lè kọ̀.

Iṣẹ́ méjì ni ó rán mi. Èkíní ni pé kí n lọ fi ojú rí ọmọ náà. Nígbà tí baba wa kú, ọjọ́ náà gan-an ni a sin ín gẹ́gẹ́ bí àṣà ẹ̀sìn Mùsùlùmí, àbúrò mi kò sì sí níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ohùn rẹ̀ lórí tẹlifóònù ti yí padà; ìdáhùn rẹ̀ kò ju 'bẹ́ẹ̀ ni, mà' àti 'rárá, mà' lọ. Èkejì ni ìwé kan tí ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin kọ, tí ó ní kí gbogbo àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ọwọ́ sí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìwé yìí díẹ̀. Ní ẹ̀yìn ilé baba wa ní Ìsẹ́yìn, yàrá alámọ̀ kan wà tí ó dá dúró. Yàrá ìyá tí ó bí baba wa ni. Ọlọ́ya ni màmá náà, ojúbọ rẹ̀ sì wà nínú yàrá náà títí ó fi kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Baba wa ní tirẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí tòótọ́. Ó lọ sí Mẹ́kà, kò sì pa ìrun kan jẹ rí tí mo mọ̀. Síbẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan yàrá náà. Kì í wọ inú rẹ̀; ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò po amọ̀, tí yóò rẹ́ ògiri rẹ̀, tí yóò sì kan páànù tí atẹ́gùn bá ti ṣí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè, ohun tí yóò wí ni pé, 'Yàrá ìyá mi ni.' Ìdáhùn náà kì í gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ tí baba wa kú, lẹ́yìn tí a ti ṣe àdúrà tán, ni ẹ̀gbọ́n wa mú ìwé jáde pé kí a wó yàrá náà, kí a fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo fi ọwọ́ sí i láìjókòó. Àwọn àlejò ṣì ń jẹun lójúde nígbà náà, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ tí ó ti parí ni.

Ìwé náà ni mo gbé dé Vadodara. Ọjọ́ kìíní kọjá, n kò mú un jáde. Ọjọ́ kejì kọjá. Bí mo bá ti wo ojú àbúrò mi, tí ó ti rù, tí irun orí rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn bí ti baba wa, ọwọ́ mi a kọ̀ láti dé inú àpò. Ní ọjọ́ karùn-ún ni ó wí pé kí a lọ wo ìlú àtijọ́ kan tí ń jẹ́ Champaner àti òkè tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò fẹ́ fi ìwé náà sílẹ̀ sínú yàrá tí ó ń bá ẹlòmíràn gbé, nítorí náà mo fi sínú àpò tí mo gbé kọ́ èjìká.

Láti Vadodara dé Champaner tó nǹkan bí kìlómítà 50. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, oko òwú àti ti ẹ̀gúsí-òyìnbó ni mo rò pé mo ń rí, ṣùgbọ́n àbúrò mi ní kí n má sọ ohun tí n kò mọ̀. Kí a tó rí ìlú kankan ni a ti rí òkè. Pavagadh ni orúkọ rẹ̀. Ó lé ní mítà 700 sókè ìtẹ́jú òkun, ó sì dá dúró láàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí ẹni tí ó bá ọ̀rọ̀ dé tí gbogbo ará ilé sì jókòó sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gun òkè Àdó-Àwáyè nítòsí ilé wa, tí ó sì ti rí adágún omi tí ó wà lórí rẹ̀, kò ní ṣe aláìrántí rẹ̀ níbẹ̀, nítorí adágún omi wà lórí Pavagadh náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ìlú náà ní ṣókí. Àwọn ọba ẹ̀yà Khichi Chauhan, tí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù, ni wọ́n ń ṣàkóso ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, odi wọn sì wà lórí òkè. Ní 1482 ni Mahmud, ọba Mùsùlùmí tí ó ń ṣàkóso Gujarat, kó ogun dé, tí ó sì sàga tì wọ́n. Nǹkan bí ogún oṣù ni ó fi jókòó sí ẹsẹ̀ òkè náà. Ní 1484 ni odi náà bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìtàn sọ pé àwọn obìnrin inú odi ti kó sínú iná kí ọ̀tá tó wọlé. Jaisinh ọba wọn ni a mú láàyè. Ó kọ̀ láti gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí, wọ́n sì pa á.

Àwọn ènìyàn a máa pe Mahmud yìí ní Begada. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ óò rí i pé orúkọ àlàjẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni 'olódi méjì', nítorí 'be' ni èjì ní èdè Gujarati, 'gadh' sì ni odi. Odi Junagadh ni ó kọ́kọ́ gbà, kí ó tó gba Pavagadh. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí ó gorí oyè ní 1458, orí oyè náà ni ó sì wà títí ó fi kú ní 1511. Àwọn ará Yúróòpù kan tí wọ́n gbọ́ ìròyìn rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé májèlé ni wọ́n fi ń bọ́ ọ láti kékeré kí májèlé ọ̀tá má baà ràn án. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn.

Bí ó ti gba òkè tán, ó ní ẹsẹ̀ òkè náà ni òun yóò fi ṣe olú-ìlú. Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n fi kọ́ ọ: ààfin, odi, ọjà, ọgbà, ilé ìfowópamọ́ ìjọba, adágún omi àti àwọn kànga onípele tí ènìyàn ń fi àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ sí. Mo rí ọ̀kan nínú àwọn kànga náà tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń yí po bí ìkarahun ìgbín títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Omi kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a lọ. Muhammadabad ni Mahmud sọ ìlú náà. 'Abad' yìí, èdè Páṣíà ni. Ibi tí ènìyàn ń gbé, tí ó sì ń gbèrú, ni ó túmọ̀ sí. Kò pé ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà tí kò sí ẹni tí ó ń gbèrú níbẹ̀ mọ́.

Nínú gbogbo ohun tí ó kù, mọ́ṣáláṣí Jámíù ni ó ga jù. N kò tí ì rí irú rẹ̀. Òpó gogoro méjì dúró ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ńlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó bí mítà 30. Nínú rẹ̀, òpó òkúta 172 ni ó gbé òrùlé rìbìtì-rìbìtì náà dúró, ibi méje ni a sì gbẹ́ sí ara ògiri ìwọ̀-oòrùn láti fi ibi tí a ń kọjú sí hàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ̀-oòrùn; ọ̀dọ̀ wọn kì í ṣe bí ọ̀dọ̀ wa tí a ń kọjú sí ìlà-oòrùn. Èmi tí mo ti ń kírun láti kékeré, ó gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ara mi tó gbà pé ibi tí mo kọjú sí tọ̀nà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gígùn tàbí ìbú ni ó dá mi dúró. Iṣẹ́ ọnà ni. Ẹ̀sìn Mùsùlùmí kò fẹ́ àwòrán ènìyàn tàbí ẹranko nínú ilé ìjọsìn, mo sì wá a títí, n kò rí ọ̀kan. Àmọ́ àbúrò mi tọ́ka sí òrùlé, ó ní, 'Àǹtí mi, ẹ wo òkè, kí ni ẹ rí?' Òdòdó òṣíbàtà ni mo rí, tí ewé rẹ̀ ṣí lé ara wọn lórí ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, tí a gbẹ́ sínú òkúta líle bí ẹni pé ọṣẹ ni wọ́n ń gbẹ́. Òṣíbàtà yìí kan náà ni àwọn òrìṣà Híńdù ń jókòó lé nínú àwòrán wọn. Àwọn òpó náà pẹ̀lú, bí a ti gé wọn ní oríkèé-oríkèé, òpó tẹ́ńpìlì ni wọ́n jọ. Àwọn ìdílé agbẹ́kùúta tí wọ́n ti ń kọ́ tẹ́ńpìlì fún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù àti Jain láti ìrandíran ni àwọn ọba Gujarat pè pé kí wọ́n wá kọ́ mọ́ṣáláṣí. Wọ́n yọ ènìyàn àti ẹranko kúrò, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò gbàgbé ohun tí ó mọ̀.

Ní apá kan inú mọ́ṣáláṣí náà ni wọ́n ti fi òkúta tí a gbẹ́ ní ihò-ihò bí asẹ́ pààlà fún àwọn obìnrin. Mo dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú àwọn ihò náà wọlé, ó sì ń bọ́ sí ara aṣọ mi ní ìràwọ̀-ìràwọ̀. Àbúrò mi wà ní apá kejì, mo rí i, ṣùgbọ́n kò rí mi. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó dúró níwájú ọ̀kan nínú ibi méje náà, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Kò sí ẹni tí ń kírun níbẹ̀ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣọ́ àwọn ilé àtijọ́ ni wọ́n ni ín báyìí. Kò kírun ní tòótọ́. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀ ni, fún ìgbà pípẹ́, ètè rẹ̀ sì ń mì. Mo mọ̀ pé baba wa ni ó ń gbàdúrà fún. Àdúrà tí kò bá wa ṣe ní ọjọ́ kẹjọ ni.

N kò jáde títí ó fi wọ bàtà rẹ̀.

Bí ìlú náà ṣe di ahoro kò gùn. Ní 1535, Humayun, ọba àwọn Mughal, lé Bahadur Shah ọba Gujarat dé ibẹ̀. Ó dó ti odi orí òkè fún oṣù díẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kan ìṣó irin gbọọrọ mọ́ ara àpáta ní òru, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, ọba fúnra rẹ̀ sì wà nínú wọn. Wọ́n kó ìṣúra tí ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba padà sí Ahmedabad, àwọn oníṣòwò tẹ̀ lé ìjọba, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tẹ̀ lé oníṣòwò, igbó sì tẹ̀ lé gbogbo wọn. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé ibẹ̀ ní 1803, nǹkan bí ẹ̀dá 500 péré ni wọ́n bá. Ní àwọn ọdún 1970 ni àwọn awalẹ̀pìtàn láti yunifásítì Vadodara wú ojú pópó àti ìpìlẹ̀ ilé wọn jáde nínú ilẹ̀, àjọ UNESCO sì fi ibẹ̀ kún ogún àgbáyé ní 2004.

Ó ṣòro fún ọmọ Ọ̀yọ́ láti gbọ́ èyí kí ó má ronú kan Ọ̀yọ́-Ilé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òkúta ni wọ́n fi kọ́ tiwọn, amọ̀ ni a fi kọ́ tiwa. Ọdún tí ìlú tiwọn fi jẹ́ olú-ìlú kò ju àádọ́ta lọ dáadáa, gbogbo ayé sì ń wá a wò. Ọ̀yọ́-Ilé jọba fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó tú ní àwọn ọdún 1830, ẹni tí ó bá sì dé inú igbó ọba ibẹ̀ lónìí, òkìtì odi, àfọ́kù ìkòkò àti ọlọ ni yóò bá. Ohun tí ó tún jọra ni ìdí tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ìlú fi wó. Ní Pavagadh, wọ́n ní ní àkókò ọdún Navratri, nígbà tí àwọn obìnrin ń jó ijó garba, òrìṣà Kalika fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó di obìnrin arẹwà, ó sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ọba tí à ń pè ní Patai fà á ní aṣọ. Òrìṣà náà sì ṣépè fún un pé ìjọba rẹ̀ yóò parun. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìtàn Aláàfin Awólẹ̀, tí ó ta ọfà sí ibi mẹ́ta tí ó sì ṣépè kí ó tó kú, ẹ óò rí i pé ẹni tí a ṣẹ́gun a máa fẹ́ràn láti wá ẹ̀bi sí ilé ara rẹ̀. Bóyá ó sàn fún un ju pé kí ó gbà pé agbára ọ̀tá ju tòun lọ.

Ọkọ̀ jíìpù ni ó gbé wa láti ẹsẹ̀ òkè dé agbedeméjì, níbi tí wọ́n ń pè ní Machi. Mùsùlùmí ni awakọ̀ náà, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun. Àwọn tí ó kún inú ọkọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ń lọ bọ Kalika, tí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ orí. Láti Machi, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ gùn ún, ó sì lè wọ ọkọ̀ kékeré tí ń rìn lórí okùn irin, èyí tí wọ́n ti ń lò láti 1986. Ọkọ̀ okùn ni a wọ̀. Mo di ojú mi. Nígbà tí mo là á, mo rí mọ́ṣáláṣí Jámíù nísàlẹ̀, ó kéré bí àpótí ìjókòó.

Okùn irin náà kò gbé ènìyàn dé òkè pátápátá. Àtẹ̀gùn pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kan tí kò wọ bàtà kọjá lára mi, ojú tì mí, mo sì gbàgbé iye tí mo kà dé. Ìsọ̀ àgbọn àti aṣọ pupa olójú góòlù tò lọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àwọn ènìyàn ń kígbe orúkọ ìyá òrìṣà náà, àwọn tí ń sọ̀kalẹ̀ sì ń dá àwọn tí ń gòkè lóhùn. Mo ní láti sọ òtítọ́: pupa yẹn gún mi ní àyà. Màmá ẹ̀yìn ilé wa kì í wọ aṣọ mìíràn ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀. N kò sọ pé Ọya ni Kalika o. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rọrùn láti sọ, kì í sì ṣe ẹ̀kọ́. Àwọ̀ nìkan ni mo ń sọ.

Nínú tẹ́ńpìlì náà, kò sí àyè láti dúró pẹ́. Ojú òrìṣà náà ni a rí, pupa, tí ojú rẹ̀ méjèèjì là rangandan. Kò ní ara bí ère mìíràn, orí nìkan ni. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù gbà pé nígbà tí òrìṣà Sati kú tí ara rẹ̀ já bọ́ káàkiri ilẹ̀ Íńdíà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó bọ́ sórí òkè yìí. Ti ogun náà, èrò ẹ̀yìn sún wa jáde.

Ìta ni àbúrò mi ti sọ ohun tí ó tìtorí rẹ̀ mú mi wá. Nígbà tí Mahmud gba òkè yìí, ṣóńṣó orí tẹ́ńpìlì náà wó. Ní orí rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì kọ́ ojú oórì ẹni Ọlọ́run kan sí, Sadan Shah. Ìtàn àdáyébá kan tilẹ̀ wí pé Híńdù ni Sadan Shah tẹ́lẹ̀, pé ó gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí kí ọba má baà wó tẹ́ńpìlì náà tán. Bí ó ti wù kí ó rí, nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún ni àwọn Híńdù fi ń wọlé bọ òrìṣà nísàlẹ̀, tí àwọn Mùsùlùmí sì ń gun òkè rẹ̀ lọ gbàdúrà ní ojú oórì. Tẹ́ńpìlì tí kò ní ṣóńṣó kò lè ta àsíá, nítorí náà àsíá kò sí lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un kọ́, wọ́n bá àwọn alábòójútó ojú oórì náà sọ̀rọ̀, wọ́n fohùn ṣọ̀kan, wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n kọ́ ṣóńṣó tuntun, olórí ìjọba Íńdíà, Narendra Modi, sì fa àsíá sókè lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Òkúdù 2022. Mo gbójú sókè, mo rí àsíá náà, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Tẹ́ńpìlì náà dára, ó mọ́ tónítóní.

Mo ní, 'Wọ́n fohùn ṣọ̀kan, o ní?'

Ó ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Awakọ̀ tí ó gbé wa wá wí bẹ́ẹ̀ náà. Ó ní kò sí ìjà. Ó ní ohun tí ó dun òun ni pé láti ìgbà èwe òun ni òun ti mọ ojú ọ̀nà ibẹ̀, ẹsẹ̀ òun ṣì ń yà sí ibi tí kò sí mọ́.'

A jókòó sórí òkúta ní ẹ̀gbẹ́ adágún omi tí wọ́n ń pè ní Dudhiya. Ó ra tíì ginger gbígbóná fún mi nínú ife kékeré. Lẹ́yìn náà, láìwo ojú mi, ó ní, 'Àǹtí mi, ta ni ó rẹ́ ògiri yàrá Màmá lọ́dún yìí?'

Mo fẹ́ purọ́. Mo tilẹ̀ ti ya ẹnu. Ṣùgbọ́n ìwé náà wà ní ẹ̀gbẹ́ mi nínú àpò, mo ń gbọ́ ìró rẹ̀ bí mo bá ti mí. Mo mú un jáde, mo nà án sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fi ìka rẹ̀ sí abẹ́ ìbuwọ́lù mi.

'Ẹ̀yin náà ti fọwọ́ sí i.'

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ sọ fún un pé àlejò pọ̀, pé mo ti rẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n wa ni ó ń gbé ìyá wa, pé owó ṣọ́ọ̀bù náà yóò wúlò fún ìtọ́jú rẹ̀. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé lọ́dọọdún ni mo ń dúró níwájú kíláàsì tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní àṣà ilẹ̀ wa, tí mo ń kọ orúkọ òrìṣà sí ojú pátákó ní lẹ́sẹẹsẹ, tí mo sì ń fún wọn ní máàkì lé e lórí. Yàrá òrìṣà kan ṣoṣo tí ó kàn mí ní ayé, mo fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wó o, láìjókòó. N kò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Ó ní, 'Èmi kọ́ ni mo bá Bàbá po amọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n wa ni. Lọ́dọọdún ni wọ́n jọ ń pò ó.' Èyí ni n kò mọ̀. Èmi ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún náà. Mo ti rò pé baba wa nìkan ni.

Kò fọwọ́ sí i ní ọjọ́ náà. Ní alẹ́ tí ọ̀la rẹ̀ mo máa padà sílé ni ó dá ìwé náà padà fún mi nínú àpòòwé, ó ní kí n má ṣí i títí n óò fi dé. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣí i nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ní ibi tí ó yẹ kí ìbuwọ́lù rẹ̀ wà, ìbéèrè kan ni ó kọ síbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà wẹ́wẹ́: 'Ẹ̀gbọ́n mi, ibo ni ẹ óò gbé e sí?'

Mo fún ẹ̀gbọ́n wa ní ìwé náà ní Ìsẹ́yìn, níwájú ìyá wa. Ó kà á, kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Ó ká a, ó fi sínú àpò agbádá rẹ̀, ó sì béèrè bóyá ọmọ náà ń jẹun dáadáa. Mo ní ó rù díẹ̀. Ìyá wa ní òun ti mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ fọ ọwọ́, mo sì bá a níbẹ̀. Ó ti ká agbádá rẹ̀ lé èjìká. Ó ń fi ẹsẹ̀ wọn yàrá náà, ó ń gbé gìgísẹ̀ kan síwájú ọmọ ìka èkejì, ó sì ń kà á sókè bí ọmọ iléèwé. Ó dé igun tí òjò tí ó kọjá ti ya, ó dúró, ó tẹ̀ ba, ó sì fi àtàǹpàkò ti amọ̀ tí ó ti ń ṣí kúrò lára ògiri náà padà sí àyè rẹ̀. Kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.